“A dúpẹ́” ni wọ́n ń dá mi lóhùn ní gbogbo ilé: báwo lẹ ṣe ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá lẹ́nu wò?

CHEW_Òkè_Ògùn · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìlera alábọ́dé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn.

Oṣù kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ àwọn ará ìlú lọ sílé, ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé rẹ́jísítà, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo bá ìyá ọlọ́mọ kan nídìí gàárì tó ń yan. Mo kí i, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní “Ṣé ara ọmọ le?” Ó ní “A dúpẹ́.” Mo ní “Kò sí ikọ́, kò sí ìgbẹ́ gbuuru, àbí?” Ó ní “Ọlọ́run ṣeun.” Mo mú bírò, mo fa ìlà sí gbogbo ibi tí à ń kọ àìsàn sí, mo kọjá sílé kejì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé ọmọ yẹn dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wa. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Mo ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó jẹ́ 58. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó ti pé ọdún kan, tí èémí rẹ̀ bá ti tó 40, otútù àyà la máa ń fura sí. Ọjọ́ Àìkú ni ikọ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti ń wúkọ́ kí n tó dé iwájú ìyá rẹ̀. A fún un ní amoxicillin, ó ti ń ṣeré báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó wò mí lójú, ó ní: “Nọ́ọ̀sì, ẹ ò bi mí.”

Mo sì rò pé mo bi í. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ yẹn yè, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, má fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ ara rẹ níyà.

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. O kí i ni, o ò bi í. Nílẹ̀ wa, “Ṣé ara le?” wà lára ìkíni. Ẹni tí orí ń fọ́ bíi pé kó là, tí o bá kí i pé “Ṣé dáadáa ni?”, “Dáadáa ni” ni yóò kọ́kọ́ wí. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ìkíni ló ń dáhùn. Ta ló sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn sórí ọmọ rẹ̀ lójúde, níbi tí ará àdúgbò ti ń gbọ́?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Igbó-Ọrà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ èèyàn lọ, nídìí ètò ìlera Ìbàràpá tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ọ̀gá tó ń mú wa lọ sáàárín ìlú nígbà náà kì í jẹ́ ká ṣíwèé títí a ó fi jókòó. A máa tọrọ àpótí. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, lójú onílé, ó ń kánjú, kí wọ́n tètè dá a lóhùn kó máa lọ ni. Ẹni tó jókòó nídìí agbada gàárì, ooru iná ń kan òun náà, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. A ó kí iṣẹ́, a ó kí iná, a ó bèèrè baálé, a ó bèèrè ìyá ọkọ. Jẹ́ kí ìkíni tán pátápátá. Wàá gbọ́ ọ nínú ohùn wọn tó bá ti tán, torí ohùn á rọlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. “Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ọmọ ṣe sùn mọ́jú.” Kò sẹ́ni tó máa fi “a dúpẹ́” nìkan dáhùn ìyẹn. Á ní ó sùn, á ní ó jí lẹ́ẹ̀mejì, á ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dún. Ìwọ á ní “Ẹn-ẹ́n, mò ń gbọ́ yín,” wàá sì dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yẹn ló ń nira fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ìyá bá dánu dúró láti ronú, ẹ ti ju ìbéèrè mìíràn lé e. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ lo fẹ́ gbọ́ yẹn.

Olùkọ́_Fọ́ọ̀mù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Gbogbo ohun tí màmá wí ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀: “Kò sí ikọ́, àbí?” Àbúrò mi, ìbéèrè yẹn ti gbé èsì rẹ̀ pọ̀n kó tó jáde lẹ́nu yín. Kí ìyá tó lè sọ pé ikọ́ wà, ó ní láti kọ́kọ́ já yín nírọ́. Èèyàn tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé kì í fẹ́ já àlejò nírọ́.

Èmi ni mo máa ń dá àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù, kálukú ló ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà bó ṣe wù ú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Òṣìṣẹ́ kan bi ìyá ọmọ pé “Ṣé kò lè mu ọmú?” Ìyá ní “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ohun tí ìyá sọ lédè wa yé wa: bẹ́ẹ̀ ló rí, kò lè mu ọmú. Òṣìṣẹ́ gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó ti ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ń mu ọmú. Àìlèmu ọmú sì rèé, ọ̀kan ni lára àmì ewu mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ wá lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún! Àwọn mẹ́ta tó kù ni pé kó máa bi gbogbo ohun tó bá jẹ, kí gìrì mú un, àti kó máa sùn lọ fọnfọn kó má ṣeé jí. Èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti lé “ṣé kò” kúrò lẹ́nu àwọn tí mò ń kọ́. “Báwo ló ṣe ń mu ọmú láti àárọ̀?” Bí ìyá bá sọ ọ́ tán, ẹ ní kó gbé e sọ́mú kẹ́ ẹ fojú rí i. Kí ẹ tó jáde lọ sáàárín ìlú, ẹ jókòó pọ̀, kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò ṣe dún lédè ibi tí ẹ ń lọ. Yorùbá Ìkálẹ̀ kì í ṣe Yorùbá Ọ̀yọ́.

Ilé_Ogún_Lójúmọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ àpótí dùn ún sọ. Ilé ogún ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi lójúmọ́, owó ara mi ni mo fi ń wọ ọ̀kadà, fọ́ọ̀mù sì gùn. Tí mo bá ní kí n máa kí iná kí n máa kí ìyá ọkọ ní ilé ogún, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lójú ọ̀nà. Alábòójútó mi ò ní bi mí bí ọmọ ṣe sùn. Iye ilé ló máa bi mí.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Mi ò bínú rárá. Ìnira tí ẹ ń rí lórí iye ilé, àwọn tó ń gbé iye yẹn kalẹ̀ ló yẹ kó gbọ́, èmi náà sì ti bá wọn fà á nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n ogún ilé kọ́ ló fẹ́ àpótí. Ilé tí ọmọ kékeré wà, ilé aboyún, ilé tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jókòó níbẹ̀. Àwọn yòókù, kí wọn dáadáa kí o kọjá. Kí o sì kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé ìkíni nìkan lo ṣe níbẹ̀. Má fa ìlà sí ibi tí o ò bèèrè. Ìlà tí àbúrò yìí fà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló ń dùn mí, ju pé kò jókòó lọ. Ẹni tó bá ka rẹ́jísítà yẹn á rò pé a ti yẹ ọmọ náà wò.

Ilé_Ogún_Lójúmọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:32 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn wọ̀ mí lára, mà. Mo gbà.

Ìyá_Ìbejì_Ìṣẹ́yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera o, ìyá ọlọ́mọ ni mí. Ọ̀rọ̀ yín ni mo rí tí mi ò lè kọjá.

Nígbà tí mo wà nínú oyún ìbejì, ọmọbìnrin kan wá sílé wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyàálé mi jókòó tì mí. Ọmọbìnrin náà ní “Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láàyè? Mélòó ló kú?” Bó ṣe tò ó tẹ̀ léra wọn nìyẹn, bí ẹni ń ka iṣu. Mo ní mẹ́ta ni mo bí, mẹ́ta náà ló wà. Kì í ṣe òótọ́. Mo ti sin ọmọ kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ni, àgbàdo ìsọmọlórúkọ ṣì wà nílẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ikú nígbà tí oyún wà nínú mi.

Nígbà tó yá, ìyá àgbàlagbà kan ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mú mi wọ yàrá, àwa méjì péré. Ó ti ilẹ̀kùn. Kò mú bírò dání. Ó ní “Ìyá, kí á tó dé orí èyí tó wà nínú yín, ṣé omi kankan ti dànù rí?” Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó dúró dè mí, kò sọ pé kí n dákẹ́. Ìgbà tí mo sunkún tán ni mo sọ gbogbo rẹ̀: bí ara ọmọ ṣe gbóná, bó ṣe kọ ọmú, bí ìwọ́ rẹ̀ ṣe ń rùn, ohun tí wọ́n fi pa á. Nígbà tí mo bí ìbejì, òun fúnra rẹ̀ ló fún mi ní jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine pé èyí nìkan ni kí n fi pa ìwọ́ wọn, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan mìíràn kàn án. Wọ́n ti ń sáré káàkiri ilé báyìí.

Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ yẹn náà bi mí. Ìbéèrè kan náà ni.

CHEW_Òkè_Ògùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run á wo ìbejì fún yín.

Bí ọmọbìnrin yẹn ṣe bi yín gan-an ni mo ti ń bi àwọn aboyún láti oṣù mẹ́jọ. Mo ń wo rẹ́jísítà mi nísinsìnyí, òdo ló pọ̀ jù níbi “àwọn tó kú”. Mo ti ń rò pé ìlú wa ṣe dáadáa.

Ewé_àti_Abẹ́rẹ́ · Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tàn wá jẹ: “oògùn”. Ẹ bi ìyá pé “Ṣé ẹ ti fún un lóògùn?”, ó ní rárá. Lójú tirẹ̀, àgbo kì í ṣe oògùn, hóró tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì ni oògùn. Lójú ẹlòmíràn, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹni ibi ni oògùn, ẹ sì ti fẹ̀sùn kàn án nínú ilé rẹ̀. Èmi kì í pe orúkọ náà rárá. Ohun tí mo máa ń sọ ni “Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe sí i?” Tó bá dáhùn, “Kí ló tẹ̀ lé e?” Mo máa ń bi í bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ní “Kò sí mọ́.” Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ nípa àgbo, nípa hóró tí aládùúgbò fún un, nípa àjẹkù oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ká mi lára. Wọ́n gbé ọmọ tí gìrì mú wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Òórùn kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ mọ àdàlú ìtọ̀ màlúù tí wọ́n máa ń rẹ ewé tábà, efinrin, àlùbọ́sà àti áyù sí. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ tí gìrì fúnra rẹ̀ kì bá má pa. Ẹnì kan nínú wa ti lanu tán láti kígbe pé “Ta ló fún un ní nǹkan yìí?” Mo fọwọ́ tọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà tó gbé e wá, mo ní “Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé e wá. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí lẹ fi dá a dúró?” Ó sọ ohun tó jẹ́, ó sọ iye ṣíbí, ó sọ ìgbà tó fún un. A fi ṣúgà tí a rẹ sí ìwọ̀nba omi sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, a wá mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Ká ní a kígbe ni, ìyá àgbà yẹn á ní òun ò fún un ní nǹkankan.

Ìmọ̀ràn lórí àdàlú yẹn ńkọ́? A fún un, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé · Ọjọ́rú, 9:48 alẹ́

Ìyá Ìbejì mẹ́nu ba ìyàálé tó jókòó tì í. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi, nítorí ìfètòsọ́mọbíbí ni iṣẹ́ mi. Ilé wa kún. Ẹ ò lè ní kí ìyá ọkọ jáde kúrò ní pálọ̀ tirẹ̀. Àwa méjì la jọ máa ń lọ: alábàáṣiṣẹ́ mi á kí ìyá ọkọ, á wọn ìfúnpá rẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ilé. Inú màmá á dùn, nítorí òun náà ní àìsàn tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Èmi á so òṣùwọ̀n kọ́ igi lẹ́yìnkùlé, mo á ní kí ìyàwó gbé ọmọ wá ká wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. N kì í fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tàbí èyí tí à ń fi sábẹ́ awọ apá bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń rò nípa ọmọ mìíràn, ṣé nísinsìnyí ni àbí kó sinmi díẹ̀?”

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí dùn mí láti kọ. Obìnrin kan ń gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, ọkọ rẹ̀ ò mọ̀. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jà, inú mi dùn láti rí i, mo ní “Ẹ má gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni o.” Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé kí alẹ́ tó lẹ́. Kò padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Abúlé kan náà là ń gbé, mo ń rí oyún rẹ̀ bó ṣe ń tóbi.

Ní báyìí, “Ẹ kú ọjà” ni mo ń kí ẹnikẹ́ni lọ́jà. Káàdì wọn wà lọ́dọ̀ wa nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí obìnrin tó kúrò níwájú mi, mo máa ń bi í pé “Tí mo bá fẹ́ rí yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?” Ohun tó bá sọ ni mo ń ṣe.

Ògbufọ̀_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 1:12 òru

Mo ń ka yín láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àgbà wa nílé ìwòsàn. Ẹ má fi ọmọ ilé ṣe ògbufọ̀, bó ti wù kó gbọ́ èdè tó. Màmá kan kò lè sọ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun tún ti ń rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró. Ó ní inú ló ń run òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, torí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ wa náà nílò ìbéèrè lé ìbéèrè. “Àyà mi ń já” kì í ṣe pé àyà ń dun èèyàn. Tí ẹnì kan bá ní “nǹkan ń rìn mí lórí, ara mi ń gbóná, n kì í sùn,” ẹ má tètè sáré lọ wá ibà. Ẹ bi í pé kí ló ti ṣẹlẹ̀ nílé láti ìgbà yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbànújẹ́ ọkàn ló ń gba ara sọ̀rọ̀.

Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo kọ́ èyí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan níbí, mo sì fẹ́ràn bó ṣe dún lédè wa: “Oògùn ojoojúmọ́ máa ń sú èèyàn, gbogbo wa là ń gbàgbé. Láàárín ọjọ́ méje sí òní, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ò rántí lò ó?” Ẹni tó bá ti ní “Mò ń lò ó” tẹ́lẹ̀ á wá sọ pé ọjọ́ tí orí bá fọ́ òun nìkan lòun ń lò ó.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · Ọjọ́bọ̀, 7:00 àárọ̀

Ẹ̀yìnkùlé, o ṣeun tí o sọ ọ́. Ó nira láti sọ.

CHEW_Òkè_Ògùn, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ fi kún un. Tí o bá ti parí, pa ìwé dé, fi bírò sínú àpò, ṣùgbọ́n má dìde. Jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i.

CHEW_Òkè_Ògùn · Ọjọ́ Àìkú, 8:30 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo padà sílé ìyá tó ń yan gàárì lánàá. Mo tọrọ àpótí. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan sọ́dọ̀ mi, torí gàárì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A sọ̀rọ̀ iná, a sọ̀rọ̀ owó ẹ̀gẹ́. Mo bi í bí ọmọ ṣe ń sùn láti ìgbà tó ti lo oògùn tán, ó sì ṣàlàyé fún mi lálẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ka èémí ọmọ náà, 32. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo pa rẹ́jísítà dé. Mo fi bírò sápò. Mi ò dìde.

Ó ro gàárì náà fún ìgbà díẹ̀, kò wojú mi. Ó wá ní “Nọ́ọ̀sì, ti ọmọ yìí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Bàbá rẹ̀ ni.” Ọkọ rẹ̀ ti ń wúkọ́ lóru láti bí oṣù kan, òógùn máa ń rin aṣọ rẹ̀ gbingbin, ṣòkòtò rẹ̀ ò dúró nídìí mọ́. Wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nílé wọn kí wọ́n má ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo sọ fún un pé ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, pé ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀, àti pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ lẹ́nu mi. Mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kí n rí ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n wá lóko, kì í ṣe nílé.

Mo lọ sóko láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin náà ti tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike tí mo mú lọ. Ọ̀la ni yóò dé ilé àyẹ̀wò.